Ọmọ tí mo kọ́ níṣẹ́ ń gbowó jù mí lọ, kí ni kí n ṣe?

Olùbéèrè (Baltimore):
Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, mo kí gbogbo ilé o. Láti ọjọ́ Ẹtì ni n ò ti sùn dáadáa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i.

Láàbù ilé ìwòsàn kan ni mo ti ń ṣiṣẹ́ láti 2018. Nígbà tí ọmọkùnrin òyìnbó kan dé, èmi ni wọ́n ní kí n kọ́ ọ níṣẹ́. Bí wọ́n ṣe ń to ìgò ẹ̀jẹ̀ sínú ẹ̀rọ, ohun tí wọ́n ń ṣe bí ẹ̀rọ bá dákẹ́ lóru, gbogbo ẹ̀ ni mo fi hàn án. Ọmọ dáadáa ni, n ò ní parọ́ mọ́ ọn. Lọ́jọ́ Ẹtì a jọ ń jẹun, ó ní òun fẹ́ ra ilé, ló bá na fóònù sí mi pé kí n bá òun wo ìṣirò tí báǹkì ṣe. Mo rí i níbẹ̀: 84,000 dọ́là lọ́dún. Èmi ń gba 67,000! Ìwé ẹ̀rí kan náà la ní, mo sì fi ohun tó lé ní ọdún mẹ́fà ṣáájú ẹ̀. Ìrẹsì tó wà lẹ́nu mi kọ̀, kò lọ.

Láti ọjọ́ náà, adìyẹ ti bà lókùn: ara ò rọ èmi, ara ò rọ òun tí kò tilẹ̀ mọ nǹkan kan. Ọkọ mi ní kí n lọ bá ọ̀gá. Ẹ̀gbọ́n mi ní Ìbàdàn ní kí n panu mọ́, ṣé mo mọ iye náírà tí 67,000 jẹ́ ni. Ẹ̀rù ń bà mí kí wọ́n má lọ máa wá ẹ̀sùn sí mi lẹ́sẹ̀.

Ìyá Ìbejì:
Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Nígbà tí wọ́n gbà ọ́, ṣé wọ́n bi ọ́ ní iye tí ò ń gbà níbi tó o ti ń bọ̀?

Olùbéèrè:
Bẹ́ẹ̀ ni mà. Ilé àwọn arúgbó ni mo wà nígbà yẹn, 19 dọ́là ní wákàtí kan. Wọ́n sọ ọ́ di 24. Mo tún kúnlẹ̀ dúpẹ́ nílé.

Ìyá Ìbejì:
Ibẹ̀ ni wọ́n ti mú ọ. Orí owó kékeré ni wọ́n ń fi èlé kékeré lé lọ́dọọdún. Bó ṣe ń ṣe ọ̀pọ̀ àwa obìnrin dúdú nìyẹn: ibi tí wọ́n ti ń sanwó táṣẹ́rẹ́ la ti ń bẹ̀rẹ̀, iye yẹn á sì máa tẹ̀ lé wa káàkiri bí òjìji. Tí wọ́n bá kó gbogbo obìnrin dúdú tó ń ṣiṣẹ́ kíkún ní Amẹ́ríkà jọ, nínú dọ́là kan tí ọkùnrin òyìnbó ń gbà, tiwọn ò pé 70 sẹ́ǹtì. Láti oṣù Kẹwàá 2020 ni Maryland, ìpínlẹ̀ tí Baltimore yín wà, ti ka a léèwọ̀ fún agbanisíṣẹ́ láti máa béèrè owó tí èèyàn ń gbà tẹ́lẹ̀. Ìwọ wọlé ṣáájú òfin, ọmọ yẹn wọlé lẹ́yìn ẹ̀. Ó lè jẹ́ pé kò sẹ́ni tó jókòó pète ẹ̀, àmọ́ àpò rẹ ò mọ ìyẹn.

Bọ̀dé Texas:
Ẹ má bínú o, òyìnbó yẹn lè ti dúnàádúrà. Ẹni tó máa fi wákàtí kan ná ata ní Bódìjà, tó bá dé iwájú HR, àwọn tó ń gbani síṣẹ́, ọpẹ́ nìkan ló kù lẹ́nu ẹ̀. Ẹ gba kámú, ẹ ṣọpẹ́ iṣẹ́.

Àǹtí Kẹ́mi:
Bọ̀dé, ṣé ọpẹ́ ló máa bá a san rẹ́ǹtì?

Dayọ̀ (lọ́yà):
Ẹ̀gbọ́n, èmi kọ́ ni lọ́yà yín o, ẹ wá tiyín. Òfin 1963 ló ní kí obìnrin àti ọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ kan náà gba iye kan náà, ti àwọ̀ ara sì wà nínú òfin 1964. Ẹ di méjèèjì mú. Òfin 1963 yẹn náà ò gbà kí wọ́n dín owó ti ọkùnrin kù kí ẹ lè dọ́gba, nítorí náà ẹ ò ní kó bá ọmọ yẹn. Tó bá dọ̀rọ̀ ẹjọ́, ọjọ́ 300 lẹ ní ní Maryland láti kọ̀wé sí EEOC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń gbọ́ ẹ̀sùn ẹ̀tanú níbi iṣẹ́. Lilly Ledbetter lo ọdún 19 níléeṣẹ́ táyà kan ní Alabama kí ẹnì kan tó kọ ìwé kékeré sí i láìbuwọ́ lù ú pé àwọn ọkùnrin ń gbà jù ú lọ. Ó pẹjọ́, àmọ́ ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní ó ti pẹ́ jù, ní 2007. Òfin 2009 tí wọ́n fi orúkọ ẹ̀ pè ló yí i padà: owó tín-ín-rín tí wọ́n bá san kọ̀ọ̀kan ń tún ọjọ́ yẹn kà látìbẹ̀rẹ̀. Ti ìfòyà yín, bí ilé ìwòsàn yẹn ò bá jẹ́ ti ìjọba, tí ẹ kì í sì í ṣe ọ̀gá lórí ẹnikẹ́ni, òfin ò gbà kí wọ́n jẹ yín níyà torí pé ẹ sọ̀rọ̀ owó oṣù.

Ìyá Ìbejì:
Má dárúkọ ọmọ yẹn. Láti oṣù Kẹwàá 2024, ní Maryland yìí kan náà, dandan ni kí wọ́n kọ iye owó sára ìkéde iṣẹ́. Lọ wo èyí tí ilé ìwòsàn yín gbé jáde fún irú iṣẹ́ rẹ gan-an.

Olùbéèrè:
Mà, mo ti lọ wò ó. 76,000 sí 92,000 ni wọ́n kọ. Ẹni tí kò tíì dé ni wọ́n fẹ́ san 76,000 fún! Mo ti tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé. Mo sì ti gba àyè lọ́dọ̀ ọ̀gá mi, Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́wàá. Ṣé kí n jẹ́ kí òun kọ́kọ́ sọ iye ni?

Ìyá Ìbejì:
Rárá o. Gbé ìwé náà sórí tábìlì, sọ pé 88,000. Lẹ́yìn ìyẹn, dákẹ́. Bó ti wù kí ibẹ̀ pa lọ́lọ́ tó, má fi ọ̀rọ̀ dí i.