"Àmúwá-Ìṣẹ̀dá" Kò Lè Dúró: Èsì Láti Àkúrẹ́

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ inú ìjíròrò yìí, mo kí yín o.

Mo ka àkójọ ọ̀rọ̀ tuntun tí ẹ̀gbọ́n wa tó ń kọ̀wé láti Ọ̀yọ́ fi ránṣẹ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá, èyí tí wọ́n fẹ́ kí oníròyìn àti òṣìṣẹ́ ìjọba máa lò bí omi bá ya wọ ìlú, bí ìjì bá ṣí òrùlé, tàbí bí òkun bá gba ilẹ̀ onílẹ̀. Mẹ́ta nínú wọn ni n kò lè gbé mì. Wọ́n pe irú ìṣẹ̀lẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní "àmúwá-ìṣẹ̀dá". Ohun tó yẹ kí ìjọba ṣe ṣáájú rẹ̀, wọ́n ní "ìgbáradì". Èyí tó yẹ kí wọ́n ṣe bó bá ti ṣẹlẹ̀, wọ́n ní "ìdáhùn". Wọ́n wá fi òwe dì í: òjò ò bẹ́nìkan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji rí leji ń pa.

Ẹ̀gbọ́n, mo dọ̀bálẹ̀, àgbà ni yín nínú iṣẹ́ yìí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí ẹ ṣẹ̀dá yìí, bó bá wọ inú ìwé ìjọba, yóò ba nǹkan jẹ́.

Níbo la ti ń gbọ́ "àmúwá"? Ilé ọ̀fọ̀ ni. Ẹni tí ọmọ kú mọ́ lọ́wọ́ la máa ń sọ fún pé àmúwá Ọlọ́run ni, kó gba kámú. Ọ̀rọ̀ ìtùnú ni, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti dá ìbéèrè dúró kí ọkàn ọlọ́fọ̀ lè rọlẹ̀. "Mú" ló wà láàárín rẹ̀, ẹni tó mú un wá ló sì gbọ́dọ̀ tẹ̀lé e. Bí ẹ bá ti gbé ìṣẹ̀dá síbẹ̀, ẹ ti dárúkọ ọ̀daràn nìyẹn, ẹjọ́ ti parí. Ta ni yóò tún lọ bá alága káńsù pé kí ló dé tí gọ́tà kò ṣí láti ọjọ́ yìí wá?

A ní ọ̀rọ̀ tiwa tẹ́lẹ̀, àjálù. Ẹ̀gbọ́n kọ ọ́ nínú lẹ́tà wọn ní "àjálú", lẹ́ẹ̀mejì, àmì òkè lórí rẹ̀. Èyí bí mi nínú ju àmúwá lọ. Lú ni ti àdàlú, ti ká po nǹkan pọ̀ mọ́ra. Lù ni ti lílù. Ohun tó já, tó sì lu ènìyàn, ni àjálù. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe gbọ́n tó. Òjò rọ̀: gbólóhùn pé. Ilé wó: gbólóhùn pé. Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá ní "ó jálù", gbogbo wa la máa dúró dè é kó parí ohun tó ń wí. Ó já lu ta? Àìsí ẹni tí ó lù, kò sí àjálù. Ìjì tó wó igi nínú aginjù tí ẹnikẹ́ni kì í dé, ìjì lásán ni. Òjò jẹ́ ti ìṣẹ̀dá, mo gbà. Àjálù bẹ̀rẹ̀ níbi tí ènìyàn wà, ibi tí ènìyàn bá sì wà, ìjọba ní ẹjọ́ láti jẹ́ níbẹ̀. Òfin ilẹ̀ wa ti 1999, abala 14(2)(b), ló sọ ọ́ gbangba pé ààbò àti ìgbáyégbádùn aráàlú ni olórí iṣẹ́ ìjọba. Àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè àgbáyé fọwọ́ sí ní Sendai ní Japan ní 2015 náà gbé ẹrù yìí lé ìjọba lórí, kí ewu tó dé àti lẹ́yìn tó bá dé.

Ẹ jẹ́ kí n fi ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé wa níbí dán ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n wò. Lóru 28 oṣù kẹta 2020, nǹkan bú gbàmù lójú ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Ọ̀wọ̀. Ilẹ̀ lu kòtò ńlá, ilé ẹ̀kọ́, ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé àwọn ènìyàn sì wó. Akérédolú, gómìnà Ìpínlẹ̀ Oǹdó nígbà náà, ní ohun abúgbàù tí wọ́n ń kó lọ ló bú. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan láti Yunifásítì Ifẹ̀ yẹ ibẹ̀ wò, ó ní òkúta ló já láti ojú ọ̀run. Wọ́n jiyàn títí. Ó dáa, bí ẹ bá ń fi "àmúwá" pè é, ẹ ní láti dúró títí a ó fi mọ ẹni tó mú un wá kí ẹ tó lè fún un lórúkọ. Àjálù ní tirẹ̀ kò dúró de ẹnikẹ́ni. Ìbáà ṣe òkúta ọ̀run, ìbáà ṣe ohun abúgbàù, ó já, ó lu ènìyàn. Ẹni tí òrùlé rẹ̀ ṣí lóru ọjọ́ yẹn ní ẹ̀tọ́ lọ́dọ̀ ìjọba kí àwọn ọ̀mọ̀wé tó parí àríyànjiyàn.

Ẹ wá gba Ìlàjẹ lọ. Àyétòrò, ìlú tí àwọn onígbàgbọ́ tẹ̀ dó ní 1947, tí gbogbo Ìpínlẹ̀ Oǹdó fi ń yangàn nígbà kan, òkun ń jẹ ẹ́ láti ọdún pípẹ́. Ó ti gbé ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé lọ, ó gbé ilé ẹ̀kọ́, àwọn onílé sì ń kó sẹ́yìn, wọ́n ń kó sẹ́yìn, títí ẹ̀yìn fi fẹ́ tán. Ní 2004 ni NDDC, àjọ ìjọba àpapọ̀ fún ìdàgbàsókè agbègbè Niger Delta, gbé iṣẹ́ ìdènà òkun ibẹ̀ síta. Wọ́n tún gbé e fún ilé iṣẹ́ mìíràn ní 2009. Òkun ṣì ń wọlé. Ta ló fẹ́ lọ dúró ní èbúté Àyétòrò kó sọ fún àwọn obìnrin ibẹ̀ pé àmúwá-ìṣẹ̀dá ni? Ìṣẹ̀dá mú òkun wá, òótọ́ ni. Àìsí ògiri tí ìjọba ti kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé, ta ló mú ìyẹn wá?

Ní ti òwe tí ẹ̀gbọ́n pa, òwe náà dára, ibi tí wọ́n lò ó ni kò dára. Èyí tí àwọn àgbà wa fi ń dáhùn irú ọ̀rọ̀ yìí ni: ọ̀gbàrá òjò kò lóun ò nílé wó, onílé ni ò gbà fún un. "Gbà fún" ni ìdí ọ̀rọ̀. Ọ̀gbàrá ń ṣe ti ọ̀gbàrá, ẹnìkan sì gbọ́dọ̀ wà tí yóò kọ̀ fún un. (Ẹni tó bá fẹ́ bá mi jà pé "àgbàrá" ni, kí ó dúró ná, mo ń bọ̀.) Bàbá tó bí ìyá mi kò gbà kí ẹnikẹ́ni nínú ẹbí wa gbé bíríkì sí bèbè odò Àlà. Àkùrọ̀ ni wọ́n ń pe ibẹ̀, ewébẹ̀ ni wọ́n ń gbìn síbẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Wọn ò ka ìwé kankan kí wọ́n tó mọ̀ pé omi ló ni ín. Lónìí, ilé alájà méjì wà lórí àkùrọ̀, pílánù sì wà lọ́wọ́ onílé, òǹtẹ̀ ìjọba lórí rẹ̀. Nígbà tí odò bá kún tó gba yàrá ìsàlẹ̀, a ó ní ìṣẹ̀dá ni?

Ó kan "ìgbáradì". "Ìmúrasílẹ̀" ni èmi fẹ́ fi rọ́pò rẹ̀. Ẹ má sọ fún mi pé "ara" wà nínú rẹ̀ bó ṣe wà nínú "ìmúrasílẹ̀"; mo mọ̀. "Sílẹ̀" ni mo ń wí. Ẹni tó ń gbára dì, ogun ti wà lẹ́nu odi ìlú. Sílẹ̀ ni ti ohun tí a ṣe nígbà tí kò tíì sí ìdààmú: pèsè sílẹ̀, tọ́jú sílẹ̀, sọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ wo bí òfin wa náà ṣe rìn. Ní 1976 ìjọba dá àjọ kan sílẹ̀ tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ pípín nǹkan ìrànwọ́ fún ẹni tí àjálù bá. Ìrẹsì, mátíràsì, bùláńkẹ́ẹ̀tì. Ní 1999 ni òfin NEMA, àjọ ìjọba àpapọ̀ fún ìṣẹ̀lẹ̀ pàjáwìrì, dé, tó fi ètò ṣíṣe ṣáájú kún un, tó sì ní kí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ìgbìmọ̀ tirẹ̀. Sílẹ̀ ni òfin yẹn ń wá, àpò ìrẹsì ni a ṣì ń rí. NiMet, àjọ tó ń ṣàkíyèsí ojú ọjọ́, ń kéde bí òjò ọdún yóò ṣe rí; NIHSA, àjọ tó ń ṣọ́ omi odò, ń dárúkọ àwọn ìjọba ìbílẹ̀ tí omi yóò dé. Ènìyàn 363 bá ìkún omi 2012 lọ ní Nàìjíríà, ìyẹn sì yẹ kó kọ́ wa lọ́gbọ́n. Ní 2022, ó ju 600 lọ. Omi tí wọ́n ń tú sílẹ̀ láti ìsédò Lagdo (ògiri tí wọ́n fi sé odò) ní Kamẹrúùnù wà lára ohun tó ń fa ìkún odò Bẹ́núè. Ìsédò Dasin Hausa ní Adámáwá tó yẹ kó gba omi náà dúró ni kò parí títí ọdún wọ̀nyẹn fi dé bá wa. Nínú gbogbo èyí, kò sí ohun tí kò ní ìkéde. Ìmúrasílẹ̀ ni kò sí. Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ tí a ó lò jẹ́ èyí tí yóò máa ta ìjọba lára.

Ọ̀rọ̀ lórí "ìdáhùn" kò ní gba àkókò. Odò kò bi ẹnikẹ́ni ní ìbéèrè. Ọ̀rọ̀ èèbó, "response", ni ẹ gbé wọ agbádá. Yorùbá máa ń dìde sí ọ̀rọ̀, wọ́n máa ń dóòlà ẹ̀mí. Mo dábàá "ìdìde sí àjálù". Àbúrò wa obìnrin tó ń kọ́ni ní Oǹdó ti kọ̀wé pé ìdìde dún bí ọ̀tẹ̀ tàbí bí ọjọ́ àjíǹde. Mi ò gbà, ṣùgbọ́n ó ní ẹ̀tọ́ láti sọ ọ́. "Ìdóòlà" nìkan kéré, torí pé ẹni tí a ti dóòlà ṣì nílò ibi tí yóò sùn àti ilé ẹ̀kọ́ fún ọmọ rẹ̀.

Ẹnìkan tún kọ̀wé pé ẹni tó bá ń sọ "ulé" dípò "ilé" kò gbọ́dọ̀ bá Ọ̀yọ́ jiyàn lórí Yorùbá ajùmọ̀lò. Ọmọ Àkúrẹ́ ni mí, ulé ni ìyá mi ń pè é, mo sì ti fi Yorùbá ajùmọ̀lò kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ilé ẹ̀kọ́ girama títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ẹni tí omi ń wọ ulé rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti sọ ohun tí a ó máa pe omi náà. Ọ̀gbàrá ni wọ́n fi tọ́ mi. Ẹni tó ní àgbàrá nìkan ló tọ́, kó mú ẹ̀rí wá.

Àwọn kan níbí ti ní kí n bá wọn ka ìwé ìléwọ́ kan lórí ìkún omi kó tó lọ sí ilé ìtẹ̀wé, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Àjálù ni mo máa fi síbẹ̀, àmì ìsàlẹ̀ lórí ù, àti ìmúrasílẹ̀. Lórí ìdìde, mo ṣì ń retí ẹ̀gbọ́n.