Fọ́ńgọ́ọ̀sì òkun méjì nínú abọ́ kan: ọ̀kan ń bo èkejì mọ́lẹ̀

ỌmọÀgọ́Ìwòyè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Aspergillus àti Penicillium tí a yọ nínú ẹrẹ̀ etí òkun Ògùn Wọ́tásáìdì ni mo gbìn pọ̀, bóyá wọ́n á mú èròjà tó ń pa sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ jáde. Kí ọjọ́ mẹ́rin tó pé, Aspergillus ti gba gbogbo abọ́. Omi ọ̀sà Ìwòpin ni mo fi se ágà, oúnjẹ dídì tí wọ́n ń hù lórí rẹ̀. Kí ni kí n ṣe?

ÌyáÌlíṣàn: Àbúrò, da omi ọ̀sà yẹn nù. Iyọ̀ rẹ̀ ò tó ti òkun, òjò sì tún ń là á. Po iyọ̀ òkun gíráàmù 30 sínú omi lítà kan. Gbin Penicillium ní ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún ṣáájú. Etí ibi tó ń tàn lọ ni kó o ti gé ègé ágà, má gé e láàárín tó ti gbó. Fi sẹ̀ǹtímítà 3 sí àárín àwọn méjèèjì. Bí àwọ̀ tuntun tàbí àlàfo bá yọ níbi tí wọ́n ti pàdé, gé ibẹ̀ lọ́tọ̀, ibẹ̀ ni ìjà wà. Ọ̀pọ̀ jíìnì wọn tó ń mú èròjà jáde ń sùn nígbà tí kò sẹ́ni tó ń yọ wọ́n lẹ́nu. Pestalone, èròjà apakòkòrò tí wọ́n kéde ní 2001, àfi ìgbà tí bakitéríà òkun bá fọ́ńgọ́ọ̀sì Pestalotia gbé inú ìgò kan náà ló tó jáde.

Rẹ́mọNiWá: Òótọ́ ni Ìyá sọ. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá fẹ́ gbìn wọ́n sórí ìrẹsì kí èròjà lè pọ̀, ẹ gbin ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ náà, oúnjẹ kan náà, ọjọ́ kan náà, kẹ́ ẹ sì se ìrẹsì kan tí ẹ ò gbin nǹkan kan sí. Láìsí ìyẹn, ẹ ò lè pe nǹkan kan ní tuntun. Ìrẹsì gíráàmù 100, omi oníyọ̀ mílílítà 100, ìgò lítà kan, autoclave (ìkòkò ooru tó ń pa kòkòrò) 121°C fún ìṣẹ́jú 20. Ẹ fi sílẹ̀ jẹ́ẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin. Kò nílò ẹ̀rọ tó ń mì í, iná lè lọ bó ṣe wù ú. Ethyl acetate, kẹ́míkà olómi tó ń fa èròjà jáde, ni kẹ́ ẹ rẹ ẹ́ sí mọ́jú, lẹ́ẹ̀mejì.

ỌmọÀgọ́Ìwòyè: Ẹ ṣé o. MTT, àyẹ̀wò tó ń fi àwọ̀ hàn bóyá sẹ́ẹ̀lì ṣì wà láàyè, wá ńkọ́? Omi tó jáde pọ́n gan-an.

Rẹ́mọNiWá: Àwọ̀ yẹn á tan ẹ̀rọ tó ń ka àwọ̀ jẹ ní ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ 570 nm, á dà bíi pé sẹ́ẹ̀lì ṣì wà láàyè. Ẹ fi í sí kòtò abọ́ àyẹ̀wò tí kò ní sẹ́ẹ̀lì, kẹ́ ẹ yọ iye rẹ̀ kúrò. Kí DMSO, olómi tí ẹ fi po èròjà náà, má kọjá 0.5%, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ òun gan-an ló ń pa sẹ́ẹ̀lì. Ẹ dán an wò lára Vero (sẹ́ẹ̀lì kíndìnrín ọ̀bọ tí kì í ṣe jẹjẹrẹ) pẹ̀lú: ohun tó bá pa gbogbo wọn pọ̀, májèlé lásán ni.

ÌyáÌlíṣàn: Tọ́jú fọ́ńgọ́ọ̀sì méjèèjì sínú glycerol 20%, kí òtútù má baà pa wọ́n, ní -80°C báyìí. Bó o bá ń ṣí wọn láti abọ́ dé abọ́, wọ́n lè má mú èròjà náà jáde mọ́.