Mo fẹ́ fi èrò sílẹ̀ lọ gbé ẹrù: ẹ̀yin tó ti débẹ̀, ẹ wá sọ tiyín

Ọmọ Pàkátà:

Ẹ kú ojúmọ́ o. Ilé ìyá mi ní Pàkátà, Ìlọrin, ni mo wà bí mo ṣe ń kọ èyí. Oorun ni mo wá dán wò níbí. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín, ẹ jẹ́ n ròyìn.

Igbákejì awakọ̀ ni mí lórí ATR 72, bàálù onífáànù méjì yẹn tó ń kó nǹkan bí 70 èrò láti ìlú dé ìlú. Ọmọ Ìlọrin ni mí, Ìlọrin náà ni mo ti kọ́ṣẹ́, ní ilé ẹ̀kọ́ awakọ̀ òfurufú tó wà ní pápákọ̀ wa, lórí DA40 oníjókòó mẹ́rin. Ọdún kẹfà mi rèé lórí àga ọ̀tún. Wákàtí tí mo ti fò ti wọ 2,900. Ìwé àṣẹ ATPL, èyí tó ga jù fún awakọ̀ òfurufú, tó ń béèrè wákàtí 1,500, ti wà lọ́wọ́ mi, ṣùgbọ́n àga òsì, àga ọ̀gá, kò tíì kàn mí. Lóṣù tó kọjá ni ilé iṣẹ́ akẹ́rù kan pè mí sórí Boeing 737-400. Jẹ́ẹ̀tì! Ẹni tó bá ti ń fi fáànù rìn láti ọjọ́ yìí mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn ń ṣe fún èèyàn. ATR tiwa kì í wọ̀n ju 23 tọ́ọ̀nù lọ tó bá fẹ́ gbéra. Èkejì yìí lè gbéra pẹ̀lú 68. Owó wọn ńkọ́? Oṣù méjì wọn yóò jẹ́ oṣù mẹ́ta tèmi.

Mo sọ fún ìyá mi. Wọ́n wò mí títí, wọ́n ní, "Ṣé èrò ti ń sá fún yín ni?" Lójú tiwọn, awakọ̀ bọ́ọ̀sì tó fẹ́ lọ di awakọ̀ tírélà ni mí. Wọ́n tún ní, "Ta ni yóò máa kí ọ kú ewu ọ̀nà?" Ẹnu mi wọhò. Ká má parọ́, mo fẹ́ràn ìgbà tí àwọn Alhaja bá ń sọ̀ kalẹ̀, tí wọ́n á dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣàdúà fún wa títí àwọn tó wà lẹ́yìn á fi máa kùn. Àpótí kì í ṣàdúà.

Ni mo bá gba Ọ̀fà lọ. Bàbá kan wà níbẹ̀ tó wa bàálù akẹ́rù fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí ọjọ́ orí 65, ààlà tí òfin àgbáyé fà fún wa, tó sọ wọ́n kalẹ̀. Mo gbé ìwé owó oṣù síwájú wọn, wọn ò wò ó. Wọ́n ní, "Rọ́sítà wọn, ìwé tí wọ́n fi ń to ìrìn awakọ̀, ti oṣù mẹ́ta tó kọjá dà? Owó kì í bá èèyàn wa bàálù ní aago mẹ́rin ìdájí."

Mo béèrè fún rọ́sítà náà, wọ́n sì fi ránṣẹ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Nínú ìrìn 31 tí igbákejì kan rìn, 23 ló gbéra láàrin aago mẹ́wàá alẹ́ sí aago mẹ́rin ìdájí. Kò ṣòro láti mọ ohun tó fà á: oníbàárà fẹ́ já ẹrù sílẹ̀ nírọ̀lẹ́, ó sì fẹ́ bá a lójúde rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́ tán.

Ìdí tí mo fi wà nílé ìyá mi nìyẹn. Mo gba ìsinmi, mo ní kí n fi ọjọ́ márùn-ún gbé bí ẹni tó wà lórí rọ́sítà yẹn. Mò ń jí ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, mò ń jókòó ti ìwé 737 títí di Àsúbà, mò ń kírun, mo wá ń sùn. Lọ́jọ́ kìíní, ẹ̀rọ ata bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́jọ. Lọ́jọ́ kejì, ẹ̀rọ ata àti wẹ́dà. Lọ́jọ́ kẹta, àwọn ọmọ ilé kéú, ohùn wọn dùn, ṣùgbọ́n wọ́n pọ̀. Lọ́jọ́ kẹrin, àǹtí ìyá mi wá kí mi ní aago méjìlá ọ̀sán. Ta ló fẹ́ sọ fún arúgbó pé ọkùnrin ọdún 34 tí ara rẹ̀ le koko ń sùn nígbà tí oòrùn wà láàrin orí? Mo dìde, mo dọ̀bálẹ̀, a jọ jẹ wàrà.

Òru ọjọ́ náà ni mò ń ṣírò epo lórí ìwé, ìṣirò tí mo lè fi ojú kan ṣe lọ́sàn-án. Mo kọ 5,600 kìlógíráàmù síbi tó yẹ kó jẹ́ 6,500. Mo tún un wò lẹ́ẹ̀mejì, ó dára lójú mi. Nígbà tí mo jí ni mo rí i.

Àwọn onímọ̀ sọ pé láàrin aago méjì sí mẹ́fà ìdájí ni ara èèyàn máa ń lọ sílẹ̀ jù. Mo ti ka ọ̀rọ̀ bàálù akẹ́rù A300 tó já ní Birmingham ti Alabama lọ́jọ́ 14 oṣù kẹjọ ọdún 2013, kí ilẹ̀ tó mọ́, tí awakọ̀ méjèèjì kú. Ọ̀nà tí wọ́n gbà sọ̀ kalẹ̀ ni àwọn olùwádìí dá lẹ́bi, ṣùgbọ́n wọ́n kọ àárẹ̀ mọ́ ọn, wọ́n sì ní igbákejì náà kò fi àkókò ìsinmi rẹ̀ sùn bó ṣe yẹ. Nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á, mo ní, "Kí ló dé tí kò sùn?" Mi ò bi í ní ìbéèrè yẹn mọ́. Òfin ìsinmi tuntun tí Amẹ́ríkà sì bẹ̀rẹ̀ sí í lò fún awakọ̀ ní 2014, wọ́n yọ ilé iṣẹ́ akẹ́rù kúrò nínú rẹ̀.

Ẹ̀yin tó ti rìn ín, ẹ dákun.

Ọmọ Òmù-Àrán:

Àbúrò, o káre tí o dán an wò. Èmi kò dán nǹkan kan wò, mo kàn fò sí i ni, mi ò sì kábàámọ̀. Ní 2020, láti ìparí oṣù kẹta títí di ọjọ́ 8 oṣù keje tí wọ́n tún ṣí Èkó àti Àbújá, bàálù èrò wà nílẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ mi ń ta ọkọ̀. Èmi ń fò, ẹrù ò mọ̀ pé àrùn kòrónà wà níta.

Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà tí o ò kà mọ́ ọn. Èrò á so bẹ́líìtì mọ́ ara rẹ̀. Ẹrù, èèyàn ló ń so ó, ó sì lè ti rẹ ẹni náà jù ọ́ lọ. Lọ́jọ́ 29 oṣù kẹrin 2013, bàálù akẹ́rù Boeing 747 kan gbéra ní Bagram ní Afghanistan pẹ̀lú ọkọ̀ ológun márùn-ún nínú. Ó kéré tán, ọ̀kan já, ó yí lọ sẹ́yìn, ó ba ìrù bàálù jẹ́. Àwọn méje ló kú. Láti ìgbà náà, mo máa ń wọ inú lọ fúnra mi, mo máa ń fi ọwọ́ fa nẹ́ẹ̀tì, mo máa ń ti ẹsẹ̀ bọ àwọn ìdè tó wà nílẹ̀. Àwọn ọmọ tó ń kó ẹrù ń pè mí ní Bàbá Onífura. Kò burú.

Ìyàwó awakọ̀, Tanke:

Ẹ̀yin ọkùnrin, bàálù ṣáá lẹ ń sọ. Nígbà tí ọkọ mi bọ́ sórí bàálù akẹ́rù, kọ́tìnnì dúdú ni mo kọ́kọ́ rà. Ìkejì, mo bá gbogbo ilé sọ̀rọ̀. Àwọn ọmọ mi ti mọ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ láti kékeré, títí kan pé tíṣà wọn bi mí bóyá ara wọn ò yá.

Lóòótọ́, ọkọ mi máa ń wà nílé fún ọjọ́ mẹ́wàá gbáko, èyí tí kò sí nígbà tó ń kó èrò. Ṣùgbọ́n ìlú Ìlọrin la wà. Ẹni tí wọn ò bá rí níbi ìsọmọlórúkọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, wọ́n á ní owó ti wọ̀ ọ́ lórí. Èmi ni mò ń lọ jókòó, èmi ni mò ń ṣàlàyé. Bàbá mìíràn á tún ní, "Ṣé wọ́n ti lé e kúrò níbi tó ń kó èèyàn ni?"

Onísùúrù, Ọ̀fà:

Mo lọ, mo padà. Kì í ṣe òru ló lé mi, ìwé àdéhùn ni. Ilé iṣẹ́ sanwó type rating mi, ìyẹn ẹ̀kọ́ àti àṣẹ láti wa irú bàálù kan pàtó, mo fọwọ́ sí i pé n óò sìn wọ́n fún ọdún mẹ́ta, tí mo bá kúrò ṣáájú, n óò dá owó padà. Kò burú, gbogbo wọn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Oṣù karùn-ún mi, bàálù kan ṣoṣo tó ń fò bàjẹ́. 737-400, ọdún 2000 ni wọ́n ti ṣíwọ́ kíkàn án, nítorí náà èyí tó kéré jù nínú wọn ti dàgbà, ó sì máa ń fẹ́ ìtọ́jú. Oṣù mẹ́fà ni a fi dúró de ẹ̀yà ara rẹ̀. Wákàtí mi ò pọ̀ sí i, owó oṣù di ìdajì, ìwé àdéhùn ò sì jẹ́ kí n lọ. Ẹ béèrè iye bàálù wọn tó ń fò lónìí, ẹ má wo iye tó wà nínú àwòrán ara ògiri ọ́fíìsì.

Ọmọ Pàkátà:

Ẹ ṣeun púpọ̀. Onísùúrù, mo pè wọ́n lọ́sàn-án yìí. Méjì ló ń fò, ìkẹta wà lọ́wọ́ ìtọ́jú. Mo bi wọ́n pé tí gbogbo rẹ̀ bá wà nílẹ̀ fún oṣù mẹ́ta, ṣé àdéhùn á tú? Wọ́n ní àwọn á pe lọ́yà wọn. Mo tún ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé òru tí wọ́n á tò tẹ̀ lé ara wọn fún mi kò ní ju mẹ́ta lọ. Ẹni tó gbé fóònù rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n ní kí n fèsì. Tí wọn ò bá kọ ọ̀rọ̀ òru yẹn sílẹ̀, n óò dúró de àga òsì mi.

Nígbà tí mo gbé fóònù sílẹ̀, ìyá mi wọlé. Wọ́n ti lọ bá ìyá tó ń lọ ata sọ̀rọ̀, ó ti gbà pé aago méjì ọ̀sán lòun á máa tan ẹ̀rọ bí mo bá ti ń wa kágò. Èkó ni mo máa máa sùn, mi ò kàn sọ ọ́. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní wọ́n ṣeun.