Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sanwó fún áàpù ìròyìn àti kàlẹ́ńdà, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ kú iṣẹ́ o. Oníròyìn ni mí ní Òṣogbo, Mac ni mo ń lò. NetNewsWire ni mo fi ń ka ìròyìn. Ọ̀fẹ́ ni, ó sì tẹ́ mi lọ́rùn.

Kàlẹ́ńdà gan-an ló ká mi lára. Bí oṣù Kẹjọ bá dé, tí ọdún Ọ̀ṣun ń sún mọ́lé, ìpàdé á máa gorí ara wọn. Ọdọọdún tàbí oṣooṣù ni wọ́n ń sanwó áàpù kàlẹ́ńdà tó ń jẹ́ Fantastical, ìyẹn sì nira fún ẹni tó ń gba náírà. Ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n ń sanwó ti BusyCal, áàpù kàlẹ́ńdà mìíràn, pẹ̀lú àtúnṣe tuntun fún oṣù 18. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lò ó, ṣé ó ń bá Google Calendar ṣe dáadáa bí dátà bá lọ tó tún padà dé? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ibi tó kù sí fún mi kí n tó sanwó.