Ṣé kí n fi kílípà gé irun ajá Drahthaar mi àbí kí n máa fọwọ́ fà á tu?
Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa ajá ọdẹ, Jámánì níbí ni mo wà, mo ní Deutsch Drahthaar kan, akọ, oṣù 14, àwọn tí irun wọn le bíi wáyà tí wọ́n nírùngbọ̀n yẹn. Tó bá ti wọgbó báyìí èèmọ́ á kún irùngbọ̀n ẹ̀, irun kéékèèké tó wà lábẹ́ irun líle yẹn á sì lọ́ pọ̀. Ẹnì kan ní kí n fi kílípà gé e, ẹlòmíì ní ó ti o, pé ọwọ́ ni wọ́n fi ń fa irun tó ti kú kúrò, torí tí wọ́n bá gé e ó máa ń rọ̀, kò sì ní lè dá omi àti ẹ̀gún dúró mọ́. Mo fẹ́ràn ajá yìí gan-an, mi ò fẹ́ bà á jẹ́. Ṣé fífà yẹn ò ní dùn ún? Ẹ̀ẹ̀melòó lọ́dún? Irùngbọ̀n ńkọ́?