Rìfọ́fà Àlòkù Kan ní Texas, àti Bí Bàbá Wa ní Kàbà Ṣe Díyelé E

Ọmọ Owé, Kàbà

Okun o, ẹ̀yin ará ilé. Wọ́n ní kí oníkálukú wa sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí nígbà tó fẹ́ ra ìbọn àlòkù, kó sì sọ bó ṣe mọ iye tó yẹ kó san. Texas ni ìbọn tèmi wà, ṣùgbọ́n àgbàlá bàbá wa ní Kàbà ni a ti díyelé e, lórí fóònù.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ti gba ìwé ọmọ ìlú ní Amẹ́ríkà. Houston ló ń gbé, ilẹ̀ a sì máa ṣú gan-an kó tó ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó wá rí rìfọ́fà, ìbọn ìléwọ́, kékeré kan lọ́wọ́ oníṣòwò ìbọn tó ní ìwé àṣẹ, Smith & Wesson Model 36, irú èyí tó kọ́kọ́ jáde ní 1950, tí ilé ọta rẹ̀ tó ń yí kò gbà ju ọta 5 lọ, tí ọta rẹ̀ sì jẹ́ .38 Special. Dọ́là 575 ni wọ́n kọ mọ́ ọn lára. Ẹ̀gbọ́n mi pè mí láti inú ṣọ́ọ̀bù náà pé ṣé owó yẹn kò pọ̀ jù. Kí ni èmi mọ̀ nípa rẹ̀? Mo gbé fóònù tọ Bàbá lọ.

Alágbẹ̀dẹ ni Bàbá wa, wọ́n sì ṣọdẹ káàkiri ilẹ̀ Owé àti Bùnú kí orókún tó dá wọn jókòó. Wọ́n mọ ṣakabùlà, wọ́n mọ ìbọn ẹlẹ́nu kan àti ẹlẹ́nu méjì, ṣùgbọ́n wọn kò fọwọ́ kan rìfọ́fà rí. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí wọ́n bi ẹ̀gbọ́n mi kì í ṣe ti owó. Wọ́n ní, “Ṣé kò sí ọta nínú rẹ̀?” Ó ní kò sí. Bàbá ní àwọn kò bi í ní ohun tó rò, kó ṣí i kí àwọn fojú rí i. Ìgbà tó ti ilé ọta náà sí ẹ̀gbẹ́, tó gbé ihò máràrùn-ún síwájú kámẹ́rà, tí ìmọ́lẹ̀ sì gba inú wọn kọjá, ni wọ́n tó gbà kí ọ̀rọ̀ tẹ̀síwájú.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n bèèrè iye tí tuntun irú rẹ̀ ń lọ nínú ṣọ́ọ̀bù kan náà. Dọ́là 700 ni. Bàbá ní ibẹ̀ ni ìṣirò ti máa ń bẹ̀rẹ̀, pé ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti orí iye tí olùtà kọ, olùtà ló ń bá a ṣírò. Àbùkù kọ̀ọ̀kan tí a bá rí, kí a bèèrè iye tí a ó fi tún un ṣe, kí a yọ ọ́ kúrò; èyí tí kò bá ṣeé tún ṣe, kí a gbé ìbọn padà sórí tábìlì kí a sì dúpẹ́.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́ nìyí. Ẹ̀gbọ́n mi tọrọ àyè lọ́wọ́ olùtà, ó sì fi àtàǹpàkò fa òòlù ẹ̀yìn ìbọn náà díẹ̀díẹ̀. Bí òòlù ti ń lọ sẹ́yìn ni ilé ọta ń yí, irin kékeré kan tó wà nísàlẹ̀ sì gbọ́dọ̀ bọ́ sínú kòtò rẹ̀, kó dì í mú gírígírí, kí òòlù tó dé òpin ìrìn rẹ̀. Bí kò bá tètè dì í mú, ihò ọta lè má dọ́gba pẹ̀lú ojú ọ̀pá ìbọn, bí wọ́n bá sì yìn ín, òjé á fi ara gbo etí ọ̀pá, á máa fọ́n sí ẹni tó bá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ lára. Bàbá kò mọ gbogbo èyí tẹ́lẹ̀. Wọ́n kàn gbé fóònù sétí, wọ́n dijú, wọ́n ní kó máa fà á. Ihò kìíní: kọ́, ká. Ihò kejì: kọ́, ká. Ihò kẹta: ká nìkan. Ihò kẹrin àti ìkarùn-ún tún dáhùn lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ní kó tún un ṣe, èsì kò yàtọ̀. Bàbá lajú, wọ́n ní, “Ẹ̀kẹta yẹn, irin kan kò dáhùn.”

Olùtà náà gbọ́ ohun tí ẹ̀gbọ́n mi túmọ̀ fún un, ó gba ìbọn náà, ó dán an wò fúnra rẹ̀, ó sì gbà pé ìka irin tó ń ti ilé ọta yí ti jẹ. Dọ́là 90 ni alágbẹ̀dẹ ìbọn tí wọ́n ń lò yóò gbà láti tún un ṣe. N kò mọ bí wọ́n ṣe máa rò ó lọ́hùn-ún pé àgbàlagbà kan tó jókòó sídìí igi máńgòrò ní Kàbà ló gbọ́ ọ.

Èyí tó kù kò gba àkókò púpọ̀. Ilé ọta kò mì síwájú sẹ́yìn ju bó ti yẹ lọ, inú ọ̀pá mọ́, kò sí ihò ìpẹtà níbẹ̀, etí ọ̀pá tó kọjú sí ilé ọta kò sì là. Apá irin tí ilé ọta so mọ́ kò wọ́, ìyẹn ni pé ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ kò fi ọwọ́ kan ju ilé ọta padé bí wọ́n ti ń ṣe nínú fíìmù, nítorí pé àṣà yẹn a máa ba ìbọn jẹ́ ju bí ẹ ṣe rò lọ.

Ṣùgbọ́n dídán rẹ̀ ni olùtà ń gbé ga. Ó ń dán bíi tuntun, dúdú rẹ̀ kò ṣá rárá. Bàbá ní kí ẹ̀gbọ́n mi sún kámẹ́rà mọ́ lẹ́tà tí wọ́n tẹ̀ sára irin náà, wọ́n sì rí i pé etí àwọn lẹ́tà náà ti yọ́, wọn kò mú mọ́. Wọ́n ní ìbọn tó pẹ́ tó báyìí tó sì ń dán tó báyìí, ẹnìkan ti ha á, ó sì ti pa á láró tuntun. Olùtà kò jiyàn. Lójú àwọn tó ń kó ìbọn àtijọ́ jọ, aró àkọ́kọ́ tó ti ṣá díẹ̀ níye lórí ju aró tuntun lọ, nítorí náà dídán tí wọ́n fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n mi sanwó lé lórí gan-an ló yẹ kó mú owó wálẹ̀. Igi ìdí rẹ̀ àkọ́kọ́ kò sí mọ́, rọ́bà ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí páálí rẹ̀. Bàbá ní kó má san ju 400 lọ. Olùtà sọ̀ kalẹ̀ sí 500, ó sì dúró síbẹ̀.

Ará Ìsánlú

Ẹ kú iṣẹ́, kí Bàbá pẹ́ fún yín. Ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi kan lọ́hùn-ún náà fẹ́ ra irú rẹ̀ lọ́wọ́ ẹnìkan tí kì í ṣe oníṣòwò, dọ́là 150 péré. Ó pè mí tayọ̀tayọ̀. Mo ní kó wo nọ́ńbà ìdánimọ̀ tó wà lára irin rẹ̀. Wọ́n ti fi ayùn ha á kúrò. Òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ka níní irú ìbọn bẹ́ẹ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀, ìbáà jẹ́ ẹlòmíràn ló ha á. Láti ọjọ́ náà ló ti ń lọ sọ́dọ̀ oníṣòwò tó ní ìwé àṣẹ, níbi tí èèyàn ti ń kọ fọ́ọ̀mù 4473, ìwé ìjọba fún ẹni tó ń ra ìbọn, tí wọ́n sì ń yẹ orúkọ rẹ̀ wò nínú ètò tí FBI, àwọn olùwádìí ọ̀daràn ti ìjọba àpapọ̀, bẹ̀rẹ̀ ní 1998. Ẹ sì jọ̀wọ́, ẹ sọ fún àwọn ọmọ wa tó wà níbẹ̀ pẹ̀lú físà akẹ́kọ̀ọ́ tàbí ti àbẹ̀wò pé, yàtọ̀ sí àwọn díẹ̀ tí òfin yọ sílẹ̀, wọn kò ní ẹ̀tọ́ láti ra ìbọn rárá, kí wọ́n má tilẹ̀ bèèrè iye rẹ̀.

Ìyá Ẹ̀gbẹ̀

Ẹ̀yin ń sọ ti ẹni tó ń rà, èmi ni mo tà. Nígbà tí ọkọ mi kú, ìbọn ẹlẹ́nu méjì rẹ̀ wà nílé, ìwé àṣẹ rẹ̀ sì wà ní orúkọ olóògbé, nítorí náà àwọn ẹ̀gbọ́n ọkọ mi kọ́kọ́ gbé e lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Ọdẹ kan tó ní ìwé àṣẹ tirẹ̀ sọ pé òun máa rà á. Ó ní ₦120,000, pé igi ìdí rẹ̀ ti là. Òótọ́ ni, ó là, èmi fúnra mi ni mo sì fi okùn dì í. Ṣùgbọ́n káfíńtà ló ń ṣe igi, kì í ṣe alágbẹ̀dẹ. Mo ní kó ṣí ìbọn náà, kó wo inú ẹnu rẹ̀ méjèèjì, kó sì sọ fún mi bó bá rí ìpẹtà. Kò rí nǹkan kan, torí alẹ́ kan kò kọjá tí ọkọ mi kò fi òróró nù ún. Ó san ₦210,000. Inú ṣì ń bí mi pé ó rò pé opó kò mọ ohun tó wà nílé ara rẹ̀.

Awakọ̀ Ìyàmoyè

Ní gáréèjì, ẹnìkan sọ̀rọ̀ sí mi létí pé òun ní rìfọ́fà kékeré tó rọ̀ lówó, pé ẹni tó ń wa ọkọ̀ lójú ọ̀nà wa yìí, pẹ̀lú àwọn ajínigbé, kò yẹ kó wà lọ́wọ́ òfo. Ẹ̀rù ọ̀nà náà ń bà mí, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n òfin ìbọn Nàìjíríà ti 1959 kọ rìfọ́fà sí ìpín kan náà pẹ̀lú ìbọn arọ̀jò ọta àti bọ́ǹbù, Ààrẹ nìkan ló lè fún èèyàn ní àṣẹ rẹ̀, ẹ̀wọ̀n ọdún 10 sì ni ó kéré jù fún ẹni tí wọ́n bá bá a lọ́wọ́ rẹ̀. N kò bi í ní iye tó fẹ́ gbà. Mo wọ mọ́tò mi.

Ọmọ Owé, Kàbà

Ẹ ṣeun gan-an. Ìyá Ẹ̀gbẹ̀, mo ka tiyín fún Bàbá, wọ́n ní ẹ mọ ìbọn ní tòótọ́. Àwọn kan ti ń bèèrè bí ọ̀rọ̀ náà ṣe parí. Ẹ̀gbọ́n mi kò rà á. Lẹ́yìn oṣù kan, ó ra Model 60, rìfọ́fà láti ilé iṣẹ́ kan náà, tí kò ní aró rárá nítorí pé irin tí kì í dípẹtà ni wọ́n fi ṣe é, ní dọ́là 450, lẹ́yìn tí Bàbá ti gbọ́ ihò rẹ̀ máràrùn-ún. Ọjọ́ tó lọ gbé e, ó rí Model 36 yẹn nínú àpótí gíláàsì kan náà. Wọ́n ti kọ 440 mọ́ ọn. Ó tọrọ àyè, ó fa òòlù rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó sì dá a padà fún wọn.