Wọ́n ní àwìn ń pa ọjà, àwìn ló gbà mí sílẹ̀ lọ́dún 2023. Ẹ wá sọ tiyín

Ìyá Onígàrí, Sábó Ìkòròdú:
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú mi tipẹ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Gbogbo ẹni tó bá ń kọ́ wa lówò ló máa ń ní ká má tà láwìn, ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ló kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri, "Kò sí àwìn lónìí, ẹ wá lọ́la". Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ṣé ẹ rántí oṣù Kejì ọdún 2023? Báńkì àpapọ̀ ilẹ̀ wa, CBN, ti kéde látoṣù Kẹwàá 2022 pé wọ́n fẹ́ pààrọ̀ ₦200, ₦500 àti ₦1,000, owó tuntun jáde ní 15 oṣù Kejìlá, wọ́n ní ti àtijọ́ máa kú ní 31 oṣù Kìíní, wọ́n tún wá sún un sí 10 oṣù Kejì. A kó owó wa lọ sí báńkì, kò sí òmíràn tó jáde. Nítòsí ọjà wa níbí, tó o bá fẹ́ gba ₦10,000 lọ́wọ́ oní-POS, wàá fi ₦2,000 lé e, lọ́jọ́ míì ₦3,000. Tíráńsífà ń kọ́? Owó á kúrò lọ́dọ̀ ẹni tó san, kò ní dé ọ̀dọ̀ ẹni tó tà, ẹ̀yin méjèèjì á wá dúró máa wo fóònù. Obìnrin kan dúró níwájú mi láti aago mẹ́wàá àárọ̀ títí tí wọ́n fi kírun ọ̀sán, ọmọ ń bẹ lẹ́yìn ẹ̀, torí ẹ̀wà kóńgò méjì péré, alert ò wọlé. Ọmọ yẹn ti sunkún títí ó ti sùn lọ. Mo wọn ẹ̀wà náà fún un, mo ní kó máa lọ, pé ìgbà tó bá dé kó dé.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Mo gba ìwé ọmọ mi kan tó ti lò dé ìdajì, mo fi rúlà fa ìlà sí i, orúkọ, ohun tó gbé, ọjọ́. Ìyá alákàrà ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí, ẹ̀wà kóńgò 4, epo igo 1. Bàbá tó ń tún kẹ̀kẹ́ Márúwá ṣe, gàrí kóńgò 3. Èmi náà pe ẹni tó ń kó gàrí wá fún mi láti Ìjẹ̀bú, mo ní mi ò rí owó gbà, ó ní kí n má mikàn, ó já àpò mẹ́fà sílẹ̀, òun náà kọ orúkọ mi síwèé tiẹ̀. Owó mi wà ní báńkì mi ò rí i ná o, màámi ní owó àtijọ́ nínú àpótí, wọ́n gbé e kiri ọjà kò sẹ́ni tó gbà á. Kó tó di 3 oṣù Kẹta tílé ẹjọ́ tó ga jù lọ dájọ́ pé ká ṣì máa ná owó àtijọ́ títí di 31 oṣù Kejìlá, orúkọ 41 ti wà nínú ìwé yẹn. 38 ló san tán kí ààwẹ̀ tó parí.

Tẹ́ ẹ bá gbọ́ báwọn èèyàn ṣe máa ń jiyàn, àwọn kan á ní inú fóònù ni kí gbogbo owó wà, àwọn kan á ní owó ọwọ́ lowó. Àwọn méjèèjì ló já wa kulẹ̀ nínú oṣù kan náà. Ẹni tó mọ̀ ẹ́ tó sì fọkàn tán ẹ, èmi gbà pé owó gidi nìyẹn. Ẹni tó bá rí i bí mo ṣe rí i kó wí, ẹni tí ò gbà kó wí.

Bàbá Próvísọ̀nù, Odógúnyàn:
Ìyá wa, ẹ kú iṣẹ́ o, àmọ́ mi ò gbà. Àwìn ló kó ṣọ́ọ̀bù mi àkọ́kọ́ wọlẹ̀. Ibi tẹ́ ẹ wà yẹn, ẹ mọ ìyá, ẹ mọ ọmọ, ẹ mọ ibi tí wọ́n ti wá. Odógúnyàn níbí, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ láwọn ilé iṣẹ́ ló pọ̀ jù lára àwọn tó ń rajà lọ́wọ́ mi, wọ́n gba yàrá, iṣẹ́ tán, wọ́n kó lọ. Lọ́dún 2019 àwọn mẹ́rin kan ń gbé yàrá kan, wọ́n ń gbé mílíìkì, búrẹ́dì, núdùsì páálí páálí, wọ́n ní tí owó oṣù bá wọlé. Ìgbà tí mo máa débẹ̀, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu, kò sí nǹkan kan nínú yàrá àfi kànìnkànìn kan àti garawa tó ti là. Mo jókòó sórí garawa yẹn, mi ò lè dìde. Owó ọjà ni mo yá o, mo sì san án pẹ̀lú èlé.

Ọmọ Ìgbógbó:
Ẹ káàsán mà, ẹ káàsán sà. Tèmi yàtọ̀ díẹ̀. Èmi rò pé mo ti rí owó tí kò sídìí pé kéèyàn fọkàn tán ẹnikẹ́ni, Bitcoin, owó orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ohun tó fà mí ni pé 21 mílíọ̀nù ẹyọ ni kò ní kọjá, kò síjọba tó lè tẹ̀ ẹ́ kún un. Nígbà tí CBN pàṣẹ fáwọn báńkì ní 5 oṣù Kejì 2021 pé kí wọ́n ti àkáǹtì gbogbo ẹni tó ń ṣe é, ṣe ló tún jẹ́ kó dá mi lójú sí i. Mo rà á lóṣù Kọkànlá ọdún yẹn, ìgbà tó ga gan-an, tí ẹyọ kan ti lé ní $60,000, nígbà tó fi máa pé ọdún kan kò tó $17,000 mọ́. Owó ilé pé, mo ní láti ta ìdajì. Ẹ wá wò ó o, báńkì ò fẹ́ rí i, torí náà mo ní láti wá èèyàn kan tó máa fún mi ní náírà kémi fún un ní tèmi, ta ló máa kọ́kọ́ fi ránṣẹ́? Ọmọ àdúgbò wa kan ni mo padà tà á fún, torí mo mọ ilé ìyá ẹ̀. Ó ti lọ sókè padà, ó kọjá $100,000 lóṣù Kejìlá 2024, ìdajì tó kù ṣì wà lọ́wọ́ mi, mi ò sì kábàámọ̀ pé mo rà á. Àmọ́ ọ̀rọ̀ Ìyá yìí wọ̀ mí lára, torí lọ́jọ́ tí mo nílò owó yẹn gan-an, èèyàn ni mo padà sá tọ̀.

Olùkọ́, Ìjẹ̀dẹ̀:
Mo fẹ́ fi kan kún un. Ní Ireland lọ́dún 1970, àwọn òṣìṣẹ́ báńkì àtàwọn ọ̀gá wọn jà, báńkì wá tì láti oṣù Karùn-ún wọ oṣù Kọkànlá. Ọjà ò dúró. Sọ̀wédowó làwọn èèyàn ń kọ fúnra wọn, ó ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn, àwọn oníṣọ́ọ̀bù àtàwọn tó ń ta ọtí ló ń gbà á, torí wọ́n mọ ẹni tó máa san àti ẹni tí ò ní san. Ohun tí Ìyá ṣe ní Sábó gan-an nìyẹn. Ibi tí ọ̀rọ̀ Bàbá ti lágbára ni pé wọ́n mọra wọn níbẹ̀.

Bàbá Próvísọ̀nù, Odógúnyàn:
Mo gbọ́ o, Olùkọ́. Ẹ jẹ́ kí n bi Ìyá ní kan sí i. Ọjọ́ tí wọ́n búra fún ìjọba tuntun, 29 oṣù Karùn-ún 2023, wọ́n ní owó ìrànwọ́ orí epo ti tán, láàárín ọjọ́ mélòó kan lítà bẹntiróòlù tí kò tó ₦200 tẹ́lẹ̀ ti di bí ₦490 l'Èkó níbí. Gbogbo ọjà gbéra. Ẹni tó ti gbé gàrí láwìn ṣáájú ìgbà yẹn, tó wá san iye àná, ṣebí ẹ̀yin lẹ pàdánù? Owó tó san ò lè ra kóńgò tó gbé lọ mọ́.

Ìyá Onígàrí, Sábó Ìkòròdú:
Ẹ bi í re, ibẹ̀ gan-an ló ti dùn mí. Mo pàdánù lóṣù Kẹfà yẹn, kì í ṣe díẹ̀. Látìgbà yẹn mi ò kọ náírà síwèé mi mọ́. Kóńgò ni mo ń kọ. Tó o bá gbé gàrí kóńgò mẹ́ta, kóńgò mẹ́ta lo jẹ mí, iye tí kóńgò bá ń lọ lọ́jọ́ tó o máa san lo máa san. Mo máa ń kà á sétí ẹni náà kó tó gbé e, tí kò bá gbà, kò sí ìjà. Ti àlejò tẹ́ ẹ sọ yẹn, òótọ́ ni, ẹni tí mi ò bá mọ ilé ẹ̀ mi ò kí ń kọ ọ́.

Àlhájà, Ẹbúté Ìpakodo:
Ẹ má bínú o, ìyá mi, ṣé èyí ò ní di èlé báyìí? Ẹni tó jẹ yín ní nǹkan wá ń san ju iye tó gbé lọ.

Ìyá Onígàrí, Sábó Ìkòròdú:
Àlhájà, mo ro ìyẹn gan-an, ó dù mí lóorun. Ohun tí mo sọ fún ara mi ni pé tó bá máa lọ sókè pẹ̀lú mi, ó gbọ́dọ̀ lè wá sílẹ̀ pẹ̀lú mi. Lọ́dún 2024 tí ẹ̀wà wọ́n gógó, ìyá alákàrà yẹn gbé kóńgò mẹ́wàá lọ́wọ́ mi, àìsàn wá dá a gúnlẹ̀, kò rí i san títí wọ 2025, ẹ̀wà sì ti já wálẹ̀ nígbà yẹn. Ó kówó dé, ó ń wojú mi. Iye tí kóńgò ń lọ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn ni mo gbà lọ́wọ́ ẹ̀. Kò tó iye tí mo fi ra ẹ̀wà yẹn ní Mile 12. Mo gbà á, mo mú báírò pupa, mo fa ìlà sórí orúkọ ẹ̀.